Ilé kan, owó mẹ́ta: bí a ṣe ń ra ilé àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a fi ń pawó

Ọmọ àbúrò mi kan gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú kan, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti wo fídíò kan lórí YouTube. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan ló ń ṣàlàyé bí òun ṣe fi owó báńkì ra ilé tó ti gbó, tí òun tún un ṣe, tí òun fi ayálégbé sí i. Báńkì padà wá wo ilé náà, wọ́n ní owó rẹ̀ ti gbé pẹ́ẹ́lí, wọ́n tún yá a lówó lé e lórí, ó sì fi ìyẹn ra òmíràn. "Àǹtí mi, ilé tó ti gbó kún Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Kí ló dé tí a ò lè ṣe é níbí?"

Mo ní kó lọ bu omi mu, kó wá jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a ń dáhùn lórí ìdúró.

Mo ti ra ilé àtijọ́ méjì ní ìlú yìí. Èyí àkọ́kọ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n pẹ̀lú pàṣán. Ohun tí mo bá ọmọ náà sọ kò ju èyí lọ: owó mẹ́ta ló ń ra ilé kan. Owó tí ẹ máa kà fún ẹni tó ń tà á, owó tí ẹ máa fi ṣe ìwé rẹ̀, àti owó tí ẹ máa fi tún un ṣe. Ẹni tó bá kó gbogbo ohun tó ní lé ti àkọ́kọ́ kò tíì ra ilé. Ó lè jẹ́ ẹjọ́ ló rà, ó sì lè jẹ́ àlàpà.

Owó báńkì, owó kọ́ọ́pù

Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè yá owó ilé kó máa san án fún ọgbọ̀n ọdún, kí èlé rẹ̀ má sì yí padà títí yóò fi san án tán. Níbí, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló ń dá òṣùwọ̀n èlé tí àwọn báńkì yòókù ń gbé tiwọn lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, òṣùwọ̀n yẹn dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27. Báńkì tó bá máa yá yín lówó gbọ́dọ̀ jẹ èrè tirẹ̀ lórí ìyẹn, ni ẹ̀yáwó fi lé ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà ní èlé 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé ọdún kan á jẹ́ ₦1,500,000. Ká ní ilé tí ẹ rà ní yàrá mẹ́jọ, tí ẹ̀ ń gba ₦150,000 lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún, tí ẹnikẹ́ni kò sì jẹ yín ní gbèsè, ₦1,200,000 ni. Èlé ti gbé owó ilé mì, ẹ ṣì máa wá ₦300,000 kún un látinú àpò yín, bẹ́ẹ̀ a kò tíì fọwọ́ kan ojú owó. Ilé tó yẹ kó máa bọ́ yín, ẹ̀yin lẹ wá ń bọ́ ọ.

Yàtọ̀ sí èlé, báńkì kì í gba ilé mọ̀lẹ́bí tí kò níwèé gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Ìdí rẹ̀ wà nínú òfin ilẹ̀ ọdún 1978, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ọwọ́ gómìnà. Òfin náà ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí fẹ́ fi dógò gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ní 1989, ẹjọ́ kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ láàárín Savannah Bank àti ọ̀gbẹ́ni Ajilo. Ajilo ti fi ilé dógò yá owó, báńkì fẹ́ ta ilé náà nígbà tí owó kò wọlé, ni Ajilo bá yọ òfin jáde: gómìnà kò fọwọ́ sí ìdógò yẹn. Ilé ẹjọ́ ní òótọ́ ni, ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kò ní í bú báńkì mọ́ bí ó bá ní òun fẹ́ rí C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìjọba lórí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, àti ìfọwọ́sí gómìnà kí òun tó ka owó.

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba á bi mí léèrè nípa owó National Housing Fund, àpò ìjọba tó ń yáni lówó ilé, tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wọn, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún, láti ìgbà òfin 1992. Owó yẹn wà lóòótọ́, èlé rẹ̀ kéré gan-an sí ti báńkì ọjà. Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Kò sí fún ilé tí ẹ máa fi gba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń gbé.

Kọ́ọ́pù ló kù, àti àjọ, àti èésú. Èyí ni mo mọ̀ pé ó ti kọ́ ilé jù ní ìlú yìí, kì í ṣe báńkì. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ́pù á yá yín ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹ fi pamọ́, bí ẹ bá ti rí oníduró méjì. Ohun kan ló yẹ kí ẹ là lójú: bí wọ́n ṣe ń ka èlé. Ká ní kọ́ọ́pù yá yín ní mílíọ̀nù méjì fún ọdún méjì, wọ́n ní èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí wọ́n bá ń ka èlé yẹn lórí mílíọ̀nù méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ₦400,000 ni gbogbo èlé, ẹ ó sì máa san ₦100,000 lóṣooṣù. Ẹ kíyè sí i pé láti oṣù kejì ni owó tó wà lọ́wọ́ yín ti ń dín kù, síbẹ̀ èlé kò dín. Bí a bá kà á bí báńkì ṣe ń kà á, lórí ohun tó kù lọ́wọ́ yín nìkan, á jẹ́ bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣì dára ju ọgbọ̀n lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń jẹ ni. Ti báńkì microfinance tó ń sọ pé "ìdá mẹ́ta péré lóṣù" ńkọ́? Mẹ́ta lọ́nà méjìlá jẹ́ mẹ́rìndínlógójì.

Àwọn kọ́ọ́pù Mùsùlùmí kan wà tí kì í gba èlé rárá. Wọn kò ní í ka owó fún yín. Wọ́n á bá yín ra páànù àti sìmẹ́ńtì, wọ́n á tà á fún yín ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Fún owó àtúnṣe, mi ò rí ohun tó dára tó o, nítorí owó tó bá di páànù kò ṣeé fi ra aṣọ ẹbí mọ́.

Ohun tí mo wá sọ fún ọmọ àbúrò mi ni pé: owó tí ẹ fi ra ilé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó tí ẹ ti tù jọ. Owó tí ẹ bá máa yá, ẹ yá a fún àtúnṣe, kó jẹ́ èyí tí owó ilé ọdún méjì lè san tán.

"Ìyàwó mélòó ni bàbá ní?"

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Púpọ̀ nínú ilé àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní àárín ìlú wa, ilé mọ̀lẹ́bí ni. Bàbá kan ló kọ́ ọ, ó kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé sì di ti gbogbo ọmọ. Kì í ṣe ti àkọ́bí. Dáwódù ń bójú tó o ni, òun nìkan kọ́ ló ni ín.

Nígbà tí mo fẹ́ ra ilé kejì, ibi tí kò jìnnà sí Takie, a ti jókòó sí pálọ̀ wọn tán. Lọ́yà ti tẹ ìwé, ọkùnrin mẹ́rin ti jókòó tó fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹnì kan ti lọ ra mínírà. Mo kàn béèrè ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mélòó ni bàbá ní?" Èyí ẹ̀gbọ́n wọn ní, "Méjì ni." Ìyá àgbàlagbà kan wà ní ẹnu ọ̀nà tó ń ṣa èèpo kúrò lára ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mẹ́ta ni. Ṣé ìyá Ìlọrin kì í ṣe ènìyàn ni?"

Pálọ̀ dákẹ́ lọ gbári. Mo gbé báàgì mi.

Ó gba ọ̀sẹ̀ méje kí obìnrin kan tó ti Ìlọrin dé, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kẹta bí. Òun náà fọwọ́ sí i, wọ́n sì pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta dípò méjì. Bí mo bá ti sanwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ó lè jẹ́ ọdún kẹta ni ìwé ẹjọ́ á dé, nígbà tí mo bá ti na owó sórí páànù tán.

Ohun tí ìyá yẹn sọ kì í ṣe àṣà ilé nìkan, òfin ni. Ìdí igi ni ọ̀nà tí Yorùbá fi ń pín ogún olórogún: iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìdí tí ogún máa pín sí, bó jẹ́ ọmọ kan ló wà ní ìdí kan, tí mẹ́fà wà ní èkejì. Orí-ò-jorí ni èkejì, kí a pín in níye orí ọmọ, bí àwọn àgbà ẹbí bá rí i pé ìdí igi máa dá ìjà sílẹ̀. Ìdílé kan ní Èkó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí kóòtù títí ó fi dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, ní London ní 1962, ìyẹn ẹjọ́ Danmole àti Dawodu. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ ti ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò, pé ìdí igi ti di ti àtijọ́. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ kọ̀ fún un. Ìdí igi ló dúró.

Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ rí ọwọ́ olórí ẹbí, kí ẹ sì rí ọwọ́ ẹnì kan ó kéré tán láti ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ti là á: bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo pátápátá ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, ó lè dúró, wọ́n sì lè lọ wó o ní kóòtù. Ẹ kò fẹ́ ra ilé tó "lè dúró".

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n fi ilé tàbí ilẹ̀ náà dógò rí, tàbí bóyá ńṣe ni wọ́n fi í dógò sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ń ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti ń dá oko sí láti ìgbà tí wọ́n bí i. Ìdógò ni. Ní ìlànà wa, bí ogójì ọdún kọjá, ìdógò kì í di ẹ̀bùn. Ọjọ́ tí ọmọ onílẹ̀ bá mú owó dé, ilẹ̀ ń padà.

Ẹlòmíràn á ní, "Ilé náà kò ní C of O, kò dáa." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú 1978 kò nílò kó ní i kí ó tó jẹ́ ti onílé. Òfin kà á sí pé ó ti ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn tún rò pé C of O ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí kò ni ilẹ̀ bá lọ gba C of O lé e lórí, kóòtù lè fà á ya. Ìwé kì í sọ ẹni tí kò ni nǹkan di olóhun.

Ní ti ìwé ṣíṣe fúnra rẹ̀, mi ò ní í dá yín dúró pẹ́: ẹ ní kí sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí wọn ilẹ̀ náà kí ẹ tó sanwó, kí ó sì mú àwòrán rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n wò ó lórí máàpù bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ agbègbè yẹn. Púlọ́ọ̀tì wa, 50 lọ́nà 100 ẹsẹ̀ ni, bíi 464 mítà níbùú-lóòró; ilé àtijọ́ kì í sábà pé e. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé púlọ́ọ̀tì kan ni, ẹ wọ̀n ọ́n. Rìsíìtì ń fi hàn pé ẹ sanwó. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ, tí gómìnà fọwọ́ sí, tí wọ́n lu òǹtẹ̀, tí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba, ni ó ń fi hàn pé ilé ti di tiyín. Ẹ má fi ìkan rọ́pò ìkejì.

Orúkọ ta ni kó wà níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi ara wọn títí ìjà fi dé.

Bí ẹ bá rà á lórúkọ ara yín nìkan, ó rọrùn, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pálọ̀ yẹn. Bí ẹ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé yín náà lè di ilé mọ̀lẹ́bí, wọn á sì máa bi àwọn ọmọ yín pé ìyàwó mélòó ni bàbá wọn ní.

Bí ẹni méjì bá jọ rà á, ọ̀nà méjì ni àjọni pín sí lábẹ́ òfin. Nínú èkíní, bí ẹnì kan bá kú, gbogbo ilé di ti ẹni tó kù láàyè. Àwọn ọmọ òkú kò ní ìpín níbẹ̀. Nínú èkejì, olúkúlùkù ní ìdá tirẹ̀, ìdá yẹn sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Tọkọtaya lè fẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ dáwó gbọ́dọ̀ mú èkejì, kí lọ́yà sì kọ iye ìdá olúkúlùkù sínú ìwé. Kí wọ́n tún kọ ẹni tó ń gba owó ilé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan kò bá rí owó àtúnṣe dá, àti bí ẹni tó bá fẹ́ jáde ṣe máa ta ìdá tirẹ̀ fún ẹni tó kù. Ojú máa ń ti àwọn ọ̀rẹ́ láti kọ irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kí ojú tì yín lọ́jọ́ kan.

Ní ti kọ́ńpìnnì, àwọn ènìyàn ń pa méjì pọ̀. "Enterprises" tí ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ lásán ni. Ẹ̀yin àti òun, ẹyọ ènìyàn kan ni yín lójú òfin, gbèsè rẹ̀ gbèsè yín. "Limited" ni ènìyàn ọ̀tọ̀. Òun ló ni ilé, ẹ̀yin ẹ ní ìpín nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kú, ìpín yín ni àwọn ọmọ ń jogún, ilé kò mira. Láti ìgbà òfin kọ́ńpìnnì CAMA 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìwé lọ́dọọdún, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa ṣírò owó orí rẹ̀. Èrò tèmi: fún ilé kan, kò tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti ń lọ sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tàbí tí owó ẹni tí kì í ṣe ẹbí yín bá ti wọ̀ ọ́, ẹ lọ dá a sílẹ̀.

Ọ̀bẹ, òjò, àti ògiri amọ̀

Ilé àkọ́kọ́ tí mo rà, ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ kùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo pè ní kí n jẹ́ kí ó "fani mọ́ra" kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé, mo sì gbọ́ tiwọn. A lẹ táìsì, a kùn ún ní àwọ̀ ẹyin, a fi síìlìn funfun sí i. Nínú oṣù kẹrin, òjò alátẹ́gùn àkọ́kọ́ dé. Omi gba ojú ìṣó páànù wọlé, síìlìn mumi yó, ó sì já lu táìsì tuntun ní òru. Mo san owó síìlìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù márùn-ún.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀bẹ kan wà nínú báàgì mi tí mo bá ń lọ wo ilé. Mo máa ń ní kí káfíńtà gun àjà, kó fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ igi òrùlé níbi tó ti jókòó lé orí ògiri. Igi tó dára kì í gba ọ̀bẹ. Èyí tí ikán ti jẹ, ọ̀bẹ á wọlé bí ẹni gún mọ́ín-mọ́ín, ìyẹ̀fun á sì máa dà. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wo òkè. Ibi tí oòrùn bá ti ń yọjú, ibẹ̀ ni òjò ń gbà. Bí igi bá ti jẹ tán, ẹ má pààrọ̀ páànù nìkan. Ẹ tú gbogbo rẹ̀.

Ògiri wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Amọ̀ ń wú bó bá mumi, ó ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kò mọ wíwú, kò mọ sísún kì. Ó le gbagidi lójú kan. Tí èkíní bá ti mira, èkejì á sán. Omi á gba ibi tó sán wọlé, sìmẹ́ńtì kò sì ní í jẹ́ kó jáde. Ẹ fi ìka kan ògiri náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá ń dún kóró bí agbè òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára amọ̀ níbẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ògiri bá tutù, tó sì funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i, omi ilẹ̀ ló ń gòkè.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bá àwọn tó fẹ́ sọ ilé alámọ̀ di self-con jà. Mo mọ̀ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń wá nìyẹn, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú yàrá. Ṣùgbọ́n páìpù tó bá ń jò nínú ògiri amọ̀ kò ní í wí fún yín. Ọjọ́ tí ògiri bá jókòó lẹ máa mọ̀. Ohun tí mo ṣe ní ilé kejì ni pé mo fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìwẹ̀ mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé, lórí ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má fara kan ilé amọ̀ rárá, mo sì fi páànù bo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Yàrá méjì, ilé ìwẹ̀ kan. Owó tí mo ń gbà kò tó ti self-con, ṣùgbọ́n ilé dúró.

Ẹ wo ibi tí sókàwéè wà sí kànga pẹ̀lú. Ní ẹ̀yìnkùlé àtijọ́, wọ́n máa ń fẹ́ẹ̀ jọ sùn ni. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa, ìyẹn ni kànga kan fi ń gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí ti aládùúgbò sì ń ṣàn, ìyẹn náà ni gbígbẹ́ bọ́ọ̀hólù kì í fi í ṣe ohun tó dájú. Ẹ bi àwọn aládùúgbò ohun tí kànga wọn ń ṣe nínú oṣù kẹta.

Bí àtúnṣe ṣe yẹ kó tẹ̀ léra kò ṣòro. Òrùlé, lẹ́yìn náà ọ̀nà omi òjò àti sókàwéè, lẹ́yìn náà wáyà iná kí ẹ tó rẹ́ ògiri, lẹ́yìn náà ilẹ̀ àti ilẹ̀kùn. Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Òjò ni ẹ fi ń wo ilé, ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ fi ń kan òrùlé rẹ̀. Ẹ ra ohun èlò fúnra yín, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Iye tí bíríkìlà bá ṣírò fún yín, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Mi ò tíì rí àtúnṣe tó parí síbi tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí.

Àwọn tó wà nínú ilé, àti àwọn tó ń bọ̀

Bí ayálégbé bá wà nínú ilé tí ẹ rà, ẹ kò lè lé e jáde nítorí pé ẹ̀yin ni onílé tuntun. Ẹni tó ń san owó ọdún, bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ rẹ̀. Ìwé ọjọ́ méje tẹ̀ lé e, kí ẹ tó lè lọ sí kóòtù. Nínú gbogbo àkókò yẹn, owó àtúnṣe yín wà nílẹ̀, sìmẹ́ńtì sì ń gbówó lórí. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí ẹ máa san, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tó ń tà á kó wọn jáde kí ẹ tó san ìyókù.

Ohun tó kẹ́yìn ni yunifásítì. LAUTECH ló sọ oko Under G àti Adéníkẹ́ di ìgboro láti 1990 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní ilé níbẹ̀ kò gbàgbé 2016 wọ 2017, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì sọ yàrá di ibùgbé aláǹtakùn. Wọn kò gbàgbé oṣù kẹta 2020 tí ìjọba ti gbogbo ilé ìwé pa nítorí Kòrónà. Tí mo bá ń ṣírò yàrá mẹ́jọ, mẹ́fà ni mo ń kà. Mo sì máa ń fi nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà kan tàbí méjì sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí owó wọn kò dúró de kí ilé ìwé wọlé.

Ọmọ àbúrò mi kọ nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀, ó dìde, ó ní òun gbọ́. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló pè mí láti inú agbo ilé kan, mo ń gbọ́ ariwo adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, mo ti fi ọ̀bẹ tẹ òrùlé, kò wọlé."

"O ṣeun. Wọ́n ń tà á mélòó?"

"Mi ò tíì béèrè. Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá ní, ẹnì kan wà ní Gánà."